Wọ́n ní wọ́n ti fún mi ní kírẹ́díìtì káàdì, kí n kàn san 7,500 náírà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùkọ́ Yàgbà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ kú iṣẹ́. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Oṣù kẹrin rè é tí mo ti ń gba owó oṣù olùkọ́, káàdì ATM kan ṣoṣo ni mo ní. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnì kan kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Àmì báńkì tí mò ń lò ló fi ṣe àwòrán ara rẹ̀. Ó pe orúkọ mi pé, títí kan orúkọ bàbá mi, ó sì mọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní báńkì ti yàn mí láti gba kírẹ́díìtì káàdì tí owó inú rẹ̀ jẹ́ 500,000 náírà, pé mo lè máa fi rajà kí n sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí n san 7,500 náírà tí wọ́n fi máa gbé e wá fún mi, kí n ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ATM mi ránṣẹ́, kí n sì fi BVN mi kún un kí wọ́n lè so wọ́n pọ̀. Ó ní tó bá fi di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tí mi ò tíì ṣe é, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún.

Mi ò tíì sanwó. Ọkàn mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ náà, torí mo nílò rẹ̀ lóòótọ́. Mi ò gba kírẹ́díìtì káàdì rí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin àgbà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá POS, Ọjà Kàbà

Ọmọ mi, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Má ya káàdì yẹn. Mò ń bọ̀ wá sọ èyí tó kù, èrò wà níwájú mi.

Báńkà Tẹ́lẹ̀

Àbúrò, o ṣeun tó o kọ́kọ́ béèrè. Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Kàbà, ìdí káàdì ni mo sì wà fún ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀. Jẹ́ n mú ohun tó kọ sí ọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Báńkì kì í ní kí oníbàárà lọ fi owó káàdì ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Tí owó bá wà láti gbà, inú àkáǹtì rẹ ni wọ́n ti ń yọ ọ́ fúnra wọn, álẹ́ẹ̀tì á wọlé, wàá rí ohun tí wọ́n yọ ọ́ fún. Nínú ìwé iye owó tí CBN, báńkì àpapọ̀ ìjọba, gbé jáde ní 2020, 1,000 náírà ni wọ́n fi sí káàdì tuntun, ì báà jẹ́ káàdì gbáàtúù ì báà jẹ́ ti olówó, owó orí ìjọba ló kàn máa ń gun orí rẹ̀. Lọ wo àkáǹtì tó ní kó o san 7,500 sí. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé orúkọ ènìyàn ló wà níbẹ̀.

Àwòrán káàdì ńkọ́? Iwájú ni nọ́ńbà gígùn yẹn wà, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tí káàdì máa kú. Ẹ̀yìn ni nọ́ńbà mẹ́ta kékeré tí à ń pè ní CVV wà. Lára káàdì mìíràn tó dé láìpẹ́, ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn ìsọ̀ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ti òkè òkun, tí kì í béèrè PIN, tí kì í sì í béèrè OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó bá ya iwájú àti ẹ̀yìn ránṣẹ́ ti gbé káàdì rẹ̀ gan-an lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

BVN wá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lóye. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì ni, ẹyọ 11 ló ní, CBN ló gbé e kalẹ̀ ní 2014. BVN nìkan kò lè yọ owó ẹnikẹ́ni, báńkì gidi náà á sì béèrè rẹ̀ tó o bá ń kọ fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti ní orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, nọ́ńbà fóònù rẹ àti àwòrán ojú rẹ, ó lè fi wọ́n wá lóònù lórúkọ rẹ. Tún wò ó báyìí: báńkì tó o ti ń gba owó oṣù ti ní BVN rẹ lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó o ti ṣí àkáǹtì. Kí ló tún fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ lórí WhatsApp?

Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó fi ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn ló jẹ́ kí ó dá mi lójú. Ẹni tó fẹ́ yá ọ lówó ló yẹ kó máa ṣiyèméjì, kó máa wádìí bóyá wàá lè san án padà. Àwa tí a wà ní báńkì la máa ń falẹ̀, oníbàárà la máa ń dá dúró. Ẹni tó ń kánjú láti yá ọ ní ìdajì mílíọ̀nù, tí kò béèrè iye tó ò ń gbà lóṣù, kò ní ìdajì mílíọ̀nù kankan láti yá ọ.

Olùkọ́ Yàgbà

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ti wo àkáǹtì náà. Orúkọ obìnrin kan ni, wálẹ́ẹ̀tì orí fóònù sì ni, kì í ṣe báńkì tí wọ́n dárúkọ rárá. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe mọ orúkọ bàbá mi àti ilé ẹ̀kọ́ mi? Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ gbà á gbọ́.

Ọmọ Bùnú ní Lọ́kọ́jà

Lísìtì ni, àbúrò mi. Tí wọ́n bá ń ṣe àyẹ̀wò òṣìṣẹ́, tàbí tí ẹgbẹ́ kan bá ń gba orúkọ, gbogbo wa á kọ orúkọ, ibi iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù, nígbà mìíràn nọ́ńbà àkáǹtì pàápàá, sórí ìwé kan. Ẹnì kan á yà á, á jù ú sórí WhatsApp, láti ibẹ̀ ó di ti gbogbo ayé. Ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ pé ti rí lísìtì kan ni, kò túmọ̀ sí pé báńkì ló ti wá. Mo bẹ gbogbo wa, tẹ́ ẹ bá rí irú lísìtì bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ sọ fún alákòóso kó yọ ọ́, ẹ má gbé e síwájú.

O ní o kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba ojúlówó. Èmi ní ọ̀kan, ọdún kẹta rè é, jẹ́ n sọ bí mo ṣe gbà á, kó o lè mọ̀ ọ́n nígbà tó o bá rí i.

Èmi ni mo lọ bá wọn. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wá mi wá. Mo rìn wọ ẹ̀ka báńkì tí owó oṣù mi ń wọ̀, mo bá òṣìṣẹ́ tó jókòó sí ìdí tábìlì, mo sọ ohun tí mò ń fẹ́. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi, ìwé láti ibi iṣẹ́, ìwé NIN, bíìlì iná tó fi ibi tí mò ń gbé hàn, àti àwòrán pélébé. Wọ́n wo owó oṣù tó ti wọlé fún oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó dá mi lóhùn, iye tí wọ́n sì gbà láti yá mi kò tó ìdajì ohun tí mo béèrè.

Wọ́n wá fún mi ní ìwé àdéhùn. Ibẹ̀ ni kó o ti jókòó kó o fara balẹ̀. Iye tó o lè ná wà níbẹ̀, èlé wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n á máa ṣírò gbèsè rẹ lóṣooṣù wà níbẹ̀, iye tó kéré jù tó o gbọ́dọ̀ san wà níbẹ̀, owó ìtanràn tó o bá pẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fún ọ ní káàdì tí kò sì sí ìwé yìí, má dá a lóhùn. Mo gba káàdì náà fúnra mi nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Ìdí ẹ̀rọ ATM ni mo ti yan PIN mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí òṣìṣẹ́ kan tó béèrè PIN tàbí OTP lọ́wọ́ mi.

Má sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn ọ́. Káàdì ATM tó wà lọ́wọ́ rẹ, owó rẹ lo fi ń ná. Kírẹ́díìtì káàdì, owó báńkì ni, àwìn ni, gbèsè ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé èlé jẹ́ 3 nínú 100 lóṣù, tó o ná 100,000, tó o wá ń san èlé nìkan lóṣooṣù, o ti san 36,000 lọ́dún, 100,000 náà ṣì wà lọ́rùn rẹ. Èmi kì í sì í fi yọ owó nídìí ATM, torí lórí ọ̀pọ̀ káàdì, ọjọ́ tó o bá yọ ọ́ gan-an ni èlé ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oní-Kajú, Ìyàrá

Ẹ má bínú pé mo fẹ́ sọ èyí tó yàtọ̀. Gbogbo wa ń kọ́ ọmọ yìí bó ṣe máa yẹra fún gbájúẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ni ó fẹ́ fi kírẹ́díìtì káàdì ṣe? Àwa tí à ń ra kajú láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, a mọ ohun tí owó àyálò ń ṣe fún ènìyàn. Ẹni tí owó ń jó lára ni àwọn olè wọ̀nyí ń wá. Bí ọmọ náà kò bá wá owó kánjúkánjú, ẹni yẹn ì bá kọ̀wé sí i ní ìgbà ogún, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ wà. Àjọ wà. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ ní kó lọ.

Olùkọ́ Yàgbà

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Mo fẹ́ san owó ìdánwò TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, mo sì fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tí màá fi máa ka ìwé. Mo ti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó di ìgbà tí mo bá pé oṣù mẹ́fà kí n tó lè yá owó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn dùn mọ́ mi.

Báńkà Tẹ́lẹ̀

Oní-Kajú, mo bá yín gbà á ní ọ̀nà kan, mi ò bá yín gbà á ní èkejì. Kí ó dúró de oṣù méjì tó kù, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé gbogbo káàdì àwìn ni ibi. Ẹni tó ń lò ó fún nǹkan kékeré tó sì ń san gbogbo rẹ̀ lásìkò ń kó ìtàn rere jọ sí orúkọ ara rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yá owó ilé, wọ́n á wo ìtàn yẹn. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ò gba owó oṣù náà, báńkì mìíràn máa ń gbà kẹ́ ẹ fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó fún yín ní káàdì lé e lórí. Ohun tí mò ń bá jà ni kí wọ́n máa fi ìyàn ẹni mú ẹni.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀rọ̀ BVN tí bàbá sọ yẹn, èmi ló ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò tíì sọ ọ́ síbì kankan rí torí ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ torí ọmọ yìí.

Ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wá síbi iṣẹ́ wa. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní àmì báńkì kan, ó so káàdì ìdánimọ̀ mọ́rùn. Ó ní òun ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gba kírẹ́díìtì káàdì, ọ̀fẹ́ ni. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká gbà á gbọ́, torí ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ ni pé tí wọn ò bá ti gbowó, kì í ṣe jìbìtì. Ó kọ BVN wa, ó kọ NIN wa, ó fi fóònù rẹ̀ ya ojú wa, ó ní ká ṣẹ́jú, ká yíjú sọ́tùn-ún, ká yíjú sósì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. Ó ní kí n ka nọ́ńbà inú rẹ̀ fún òun kí káàdì lè jáde. Mo kà á.

Káàdì ò dé. Mo gbàgbé. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, mo lọ sí báńkì láti yá owó tí màá fi kún owó ilé ìwé ọmọ mi. Wọ́n ní orúkọ mi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè, pé mo jẹ ilé iṣẹ́ kan tí ń yáni lówó lórí fóònù ní 180,000 náírà, mi ò sì san. Mo sunkún ní gbàngba níwájú tábìlì òṣìṣẹ́ yẹn. Mi ò gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà rí.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nìyí. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú ìtàn gbèsè ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. O lè béèrè àkọsílẹ̀ tìrẹ lọ́wọ́ wọn kó o sì jiyàn lórí ohun tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀. Ohun kejì ni pé láti oṣù kẹjọ 2020 ni CBN ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI: gbèsè tí ẹni kan kò bá san ní báńkì kan, wọ́n lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì mìíràn tí BVN rẹ̀ so mọ́. Nítorí náà kì í ṣe àkáǹtì kan nìkan ni ènìyàn ń fi sínú ewu. Èmi lọ búra ní kóòtù, mo gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ lóònù náà àti sí àwọn tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè. Ó gba oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó yọ orúkọ mi kúrò. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Lọ́kọ́jà ní ìgbà mẹ́fà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn. Mo padà lọ wá a nínú fóònù mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete pé nọ́ńbà náà wà fún lóònù, pé kí n má fi han ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà nìkan ni mo wò. Mi ò ka ọ̀rọ̀ tó yí i ká.

Ìyá POS, Ọjà Kàbà

Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kò yẹ kójú tì yín. Olè ló yẹ kójú tì.

Mo ti padà dé. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà nídìí POS yìí, ohun tí mò ń rí nibí pọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan. Bàbá kan wá láti oko lóṣù tó kọjá, àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Fóònù wà létí rẹ̀. Ẹni tó wà lórí fóònù ní kó fi káàdì sínú ẹ̀rọ ATM tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kó lè so kírẹ́díìtì káàdì tuntun mọ́ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé, "Ẹ tẹ èyí, ẹ tẹ tọ̀hún, báyìí ẹ tẹ kóòdù yín." Bàbá ń tẹ̀ ẹ́. Mo sún mọ́ ọn, mo wo ojú ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n ti ń fi owó ránṣẹ́ ló wà. "Kóòdù" nọ́ńbà mẹ́wàá tó kọ́kọ́ tẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì olè náà ni. Èyí tó fẹ́ tẹ̀ kàn, 85,000, iye owó ni. Mo na ọwọ́ mi kọjá lára rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, káàdì jáde. Bàbá kọ́kọ́ bínú sí mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà ẹ sọ fún àwọn òbí yín nílé: kò sí káàdì kan láyé tí ẹnì kan máa ń dúró lórí fóònù kó tó ṣiṣẹ́. Tí fóònù bá wà létí, kí wọ́n má fi káàdì sínú ẹ̀rọ kankan. Àwọn àgbà tó ń gbé fóònù wá fún wa pé ká bá àwọn ka OTP, èmi kì í kà á sókè mọ́. Màá fi hàn wọ́n, màá ṣàlàyé ohun tó wà fún, màá sì ní kí wọ́n pe ọmọ wọn. Wọ́n á ní mo ní ìgbéraga. Kí wọ́n máa wí.

Ẹ̀yin tí káàdì yín bá ti dé náà, tẹ́ ẹ bá fún oní-POS ní káàdì, ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀, kó tó padà sápò yín ẹ ka orúkọ ara rẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ káàdì fún ènìyàn nínú ọjà tó bá kún.

Àgùnbánirọ̀ Asaya

Mo sin ìlú níhìn-ín, àgọ́ Asaya ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó àwa àgùnbánirọ̀ di 77,000 ní 2025, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sí wa pé káàdì wà fún wa. Àwa ti gbọ́n sí ìyẹn. Ibòmíràn ni mo ti ṣubú.

Káàdì tí mo gbà ní báńkì gidi kò ṣiṣẹ́. Mo lọ sójú ìwé báńkì náà lórí Facebook, mo kọ ìṣòro mi sábẹ́ ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú ìwé mìíràn tó ní orúkọ kan náà àti àmì kan náà dá mi lóhùn, ó ní kí n wá sí kọ̀rọ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Ó fún mi ní líǹkì. Mo kọ nọ́ńbà káàdì àti PIN síbẹ̀. 41,000 lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa ṣọ́ ẹni tó bá ń ké lábẹ́ ojú ìwé báńkì lọ.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn káàdì mi ni mo ti ń wo nọ́ńbà tí màá pè. Mi ò tún ń wá a lórí Google, torí ẹnikẹ́ni lè sanwó kí nọ́ńbà òun kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Àdírẹ́sì báńkì náà, èmi fúnra mi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Àmì àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò sì sọ pé olóòótọ́ ló ni ín, olè náà lè fi í síbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́kọ́jà

Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ áàpù tó ń pe ara wọn ní kírẹ́díìtì káàdì, lóònù lásán ni. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní lísìtì àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọ́n fọwọ́ sí lórí ìkànnì wọn, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó gbé áàpù kankan sórí fóònù. Tó bá sì ní òun fẹ́ ka gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àwọn nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń dójú tini lọ́dọ̀ ẹbí àti ìyàwó àfẹ́sọ́nà.

Ọmọ Bùnú ní Lọ́kọ́jà

Bàbá Báńkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fi OTP tàbí owó ránṣẹ́ tán ńkọ́? Kí ló máa kọ́kọ́ ṣe?

Báńkà Tẹ́lẹ̀

Kó pe báńkì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó tó sunkún, kó tó sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó. Kó ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa kí owó má lè jáde mọ́, kí wọ́n sì pa káàdì náà. Lẹ́yìn náà kó ní kí báńkì rẹ̀ kọ̀wé sí báńkì tàbí wálẹ́ẹ̀tì tó gba owó náà kí wọ́n di ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ mú. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Owó olè kì í pẹ́ lójú kan, wákàtí kan ṣe pàtàkì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kó má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp náà rẹ́, bó ti wù kó máa bí i nínú tó. Kó ya ojú fóònù, kó tọ́jú álẹ́ẹ̀tì.

Kó wá lọ fi ìwé gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ní báńkì, kó gba nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì tí wọn ò yanjú ẹ̀, kó kọ̀wé sí CBN ní cpd@cbn.gov.ng, kó fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn kún un. Mi ò ní parọ́ fún yín: tó bá jẹ́ pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ló fún wọn ní OTP, ó ṣòro kí báńkì dá owó náà padà. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí wọ́n ti rí díẹ̀ dì mú torí pé oníbàárà tètè pè.

Ẹlòmíràn á wá lẹ́yìn náà, á ní òun lè bá a gba owó náà padà tó bá san nǹkan díẹ̀. Olè kejì nìyẹn. Nígbà mìíràn, ti àkọ́kọ́ náà ni.

Olùkọ́ Yàgbà

Ẹ̀yin ẹbí mi, mo ti dé láti Kàbà. Mo gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa lónìí Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá báńkì náà fúnra mi. Wọ́n wo orúkọ mi, kò sí káàdì kankan tí wọ́n yàn fún mi. Wọ́n ní kí owó oṣù mi pé mẹ́fà, kí n mú àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi láti Bùnú kọ sókè yẹn wá, wọ́n á wò ó. Ó ṣeé ṣe kí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde kó tó dìgbà yẹn. Ẹni WhatsApp náà pè mí nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀. Mo ní kó bá mi ní báńkì. Ó pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Nígbà tí mo dé yàrá àwọn olùkọ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Màmá kan tó ń kọ́ kíláàsì kejì dákẹ́, ojú wọn yí padà. Wọ́n ti san 7,500 wọn láàárọ̀ àná, wọ́n sì ti ya iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ránṣẹ́. Orúkọ tó gba owó wọn yàtọ̀ sí ti èmi, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kọ̀wé sí wọn, òun kan náà ni. Nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì la pè, níwájú gbogbo wa, báńkì ti ti àkáǹtì wọn pa, wọ́n sì ti pa káàdì náà. Kò tíì sí owó mìíràn tó jáde.

Bàbá Báńkà, a máa jọ wá sí Kàbà lọ́la láti kọ ìwé ẹ̀sùn yẹn. Ọkọ̀ aago mẹ́fà ààbọ̀ la máa wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà báńkì, kẹ́ ẹ bá wa wò ó kí màmá tó fọwọ́ sí i?

Báńkà Tẹ́lẹ̀

Màá ti wà níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Kí màmá mú álẹ́ẹ̀tì àti káàdì náà dání.